Bí a ṣe mú àgbàrá rìn jẹ́ẹ́jẹ́: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ omi òjò nínú ọgbà wa ní Àpẹtẹ̀, Ìbàdàn

Ìparí oṣù Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lónìí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti fọ ìgò oníke mẹ́ta sílẹ̀ dè é. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kán, mo gbé agbòjò, mo bọ́ síta. Ìgò kìíní ni mo fi gba ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, nígbà tí òjò kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìkejì ni mo fi bu omi tó ń ṣàn lórí ìńtálọ́ọ̀kì níwájú ilé, níbi tí mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ máa ń wà. Ìkẹta ni mo gbé sí ẹnu ihò ìdí ògiri, ibi tí gbogbo omi ọgbà wa ti ń jáde sínú gọ́tà àdúgbò. Mo tò wọ́n sójú fèrèsé ilé ìdáná, mo fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ wò wọ́n. Omi òrùlé pọ́n bí àgbo. Eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ aláǹgbá ló sùn sí ìdí ìgò. Omi ìńtálọ́ọ̀kì ní àwọ̀ òṣùmàrè lójú, òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì wà lára rẹ̀. Ti ẹnu ihò ló burú jù: ẹrẹ̀ tó nípọn tó ìka méjì, omi tó wà lórí ẹrẹ̀ náà kò sì tòrò di ọjọ́ kẹta.

Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni kànga wa. Ẹ̀yìn ilé ló wà, ní ojú ọ̀nà tí àgbàrá máa ń gbà kọjá. Òjò ńlá kan kì í rọ̀ kí omi rẹ̀ má pọ́n. Lọ́dún tó kọjá mo gbé omi náà lọ sí ilé àyẹ̀wò kan, wọ́n sì rí E. coli nínú rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí tó máa ń ti inú ìgbẹ́ wá. Òdiwọ̀n omi mímu ni pé ẹyọ kan kò gbọdọ̀ sí nínú 100 mílílítà. Ìyá mi tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ń mu omi yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sí ọgbà wa. Ilẹ̀ Àpẹtẹ̀ dà sí ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀nà láti ọdún 1942 kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ lò. Ọ́ìlì tó kán sílẹ̀ lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ mi, gọ́tà ló ń gbé e lọ síbẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ.

Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Igbe

Kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo jókòó ti ìwé àti bírò. Ìṣirò omi òjò kò le: mílímítà òjò kan, tó bá bọ́ sórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan, lítà omi kan ni. Òrùlé wa gùn ní mítà 14, ó fẹ̀ ní mítà 10. Òjò 50 mílímítà, tí kì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn, yóò da 7,000 lítà sílẹ̀ láti orí òrùlé yìí nìkan.

Mo wá rántí ọjọ́ 26, oṣù Ògún, ọdún 2011. Òjò 187.5 mílímítà ló rọ̀ sí ìlú yìí láàárín wákàtí mélòó kan. Afárá Àpẹtẹ̀ lọ, àwọn tó bá omi lọ káàkiri Ìbàdàn sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo fi òjò yẹn ṣe ìṣirò òrùlé wa: 26,250 lítà, tánkì ẹlẹ́gbẹ̀rún lítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, láti orí ilé kan ṣoṣo. Mo gbójú sókè, mo wo òrùlé tó wà láti orí òkè títí dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí bàbá mi ra ilẹ̀ yìí, oko ẹ̀gẹ́ ló yí wa ká. Ilẹ̀ oko máa ń mu omi. Páànù àti kọnkéré kì í mu ún. Àwọn àgbà tó bá sọ̀rọ̀ Ògùnpa, Omíyalé ti ọjọ́ 31, oṣù Ògún, ọdún 1980, máa ń sọ pé odò ló ya wọ ìlú. Èmi náà gbà pé odò ni. Ṣùgbọ́n omi tó kún odò, orí òrùlé àti ojúlé ènìyàn ló ti kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá bíríkìlà tó ń bá wa ṣiṣẹ́ jù mí lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó yí ọgbà ká pẹ̀lú mi, ó ní, “Ọ̀gá, kí la fẹ́ fi àgbàrá ṣe nínú ilé? Ẹ jẹ́ ká ra páìpù ńlá, ká da gbogbo rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan, kó máa lọ.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ wo ìsàlẹ̀ yẹn. Ta ló ń gbé níbẹ̀?”

Ó wò ó. Ilé Ìyá Ìbejì ni, tí ògiri ọgbà wọn ti wó lọ́dún tó kọjá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ó dáa. Ẹ fi ohun tí ẹ ní lọ́kàn hàn mí.”

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Gbogbo wa la mọ òwe náà. Onílé tó kàn tì í sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ilé ẹlòmíràn ló fi dí tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí omi tó bọ́ sínú ọgbà wa má sáré mọ́, kó dúró, kó gbé ẹrẹ̀ àti epo tó rù kalẹ̀, kí ilẹ̀ mu èyí tó lè mu, kí ìyókù tó jáde.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Igbe

Kànga la kọ́kọ́ mú. Ẹnu rẹ̀ kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí ilẹ̀, sìmẹ́ńtì tó yí i ká sì ti là, àgbàrá kàn ń wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. A gbé ríngì tuntun lé e títí ó fi dé ìbàdí mi. A wú sìmẹ́ńtì àtijọ́, a da tuntun tó fẹ̀ ní mítà kan ààbọ̀ yíká, tó dà kúrò lọ́dọ̀ kànga. A ṣe ìdérí onírin. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà.

Mo fẹ́ sọ ọ́ kó yé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀: sọkàwéè ilé ìgbẹ́ wa kò ju mítà 17 sí kànga yìí lọ, nígbà tí ó yẹ kó tó 30. A kò lè wó ilé nítorí rẹ̀. Nítorí náà, omi tí Màmá ń mu yóò ṣì máa hó lórí iná kó tó dé inú ife.

Ìparí oṣù Igbe

Òrùlé ló kàn. Púlọ́ńbà gbé gọ́tà oníke sí etí òrùlé yíká, ó so páìpù ínṣì mẹ́rin mọ́ ọn, kó máa da omi sínú tánkì 2,000 lítà. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́wọ́, Màmá jáde wá, wọ́n ní, “Ṣé omi tó kọ́kọ́ rọ̀ náà lẹ fẹ́ gbà sí tánkì? Nígbà tiwa, a kì í gbé àmù síta àfi tí òjò bá ti fọ òrùlé tán.”

Òótọ́ wọn ni. Ìgò kìíní mi ti fi hàn mí. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí omi àkọ́kọ́ yóò fi yà sọ́tọ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Púlọ́ńbà ní kí a lo páìpù tó dúró lóòró, tí a dí ìdí rẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀: páìpù ínṣì mẹ́rin máa ń gba nǹkan bíi lítà mẹ́jọ ní mítà kan. Mílímítà òjò kan lórí òrùlé wa sì jẹ́ 140 lítà. Páìpù yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ilé alájà mẹ́fà. A lo dúrọ́ọ̀mù 200 lítà dípò rẹ̀. Omi máa kọ́kọ́ wọ dúrọ́ọ̀mù; tó bá kún, bọ́ọ̀lù tó léfòó nínú rẹ̀ á dí ẹnu páìpù, omi tó kù á yà sí tánkì. Tápù kékeré wà ní ìdí dúrọ́ọ̀mù, a ṣí i díẹ̀, kó máa kán sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó lè ṣófo de òjò mìíràn.

Omi tánkì yìí, a fi ń fọṣọ, a fi ń da ilé ìgbẹ́, a fi ń bomi rin ẹ̀fọ́. Nẹ́ẹ̀tì dídì wà lẹ́nu gbogbo ihò rẹ̀ kí ẹ̀fọn má rí ibi yé ẹyin sí.

Oṣù Ẹ̀bìbì

Kí a tó gbẹ́ kòtò tí àgbàrá yóò máa dúró sí kí ilẹ̀ lè mu ún, a dán ilẹ̀ wò. Ihò méjì ni a gbẹ́, ọ̀kan lẹ́bàá géètì, ọ̀kan ní igun ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibi tó jìnnà sí kànga jù lọ, tó sì rẹlẹ̀ jù ú lọ. A rọ omi kún wọn lálẹ́ kí ilẹ̀ lè mu yó. Láàárọ̀ a tún rọ omi sí i, mo fi rúlà wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Lẹ́bàá géètì, sẹ̀ǹtímítà kan ni ní wákàtí kan: amọ̀ ni. Ní igun ọ̀gẹ̀dẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ààbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ irú kòtò yìí láìṣe ìdánwò náà, ó lè gbẹ́ kànga ẹ̀fọn fún ara rẹ̀.

Igun ọ̀gẹ̀dẹ̀ la gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí, mítà márùn-ún sí ìpìlẹ̀ ilé: mítà mẹ́fà ní gígùn, 0.8 ní fífẹ̀, 1.2 ní jíjìn. Àwọn ọmọ méjì tó ń lo dígà àti ṣọ́bìrì ṣe é ní ọjọ́ mẹ́rin. Òkúta gíráníìtì tó tó ìkúùkù la fi kún un. Láti mọ iye omi tí àárín òkúta yóò gbà, mo kó òkúta kún báákẹ́ẹ̀tì 20 lítà, mo wá rọ omi sí i: ó gba lítà mẹ́jọ. Èyí ni pé kòtò wa yóò gba nǹkan bíi 2,300 lítà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni a wú ìńtálọ́ọ̀kì kúrò lójú mítà onígun mẹ́rin 40 nínú 90 tó wà níwájú ilé. Kò dùn mọ́ ìyàwó mi nínú, nítorí owó tí a ná síbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró kó rí koríko tí yóò hù.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Òkúdu

Mo ṣe àṣìṣe tó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́fà, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kúnnákúnná.

Erùpẹ̀ tí a kó jáde látinú kòtò, òkè kòtò náà gan-an la kó o jọ sí. Èrò mi ni pé a máa kó o lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Koríko kò tíì hù sí ibi tí a ti wú ìńtálọ́ọ̀kì. Ṣáńbà tó yẹ kó gba ẹrẹ̀ kí omi tó dé kòtò, bíríkìlà kò tíì parí rẹ̀. Mo sì ti so páìpù mọ́ kòtò, nítorí ara mi ti wà lọ́nà láti rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Òru ọjọ́ Wẹ́sídeè, òjò rọ̀ láti aago méjì títí di ìdájí. Ìgbà tí mo débẹ̀, idajì erùpẹ̀ pupa yẹn ti wọ àárín òkúta. Omi dúró lójú kòtò bí ọbẹ̀ epo. Ọjọ́ kìíní, kò lọ. Ọjọ́ kejì, kò lọ. Ní ọjọ́ kẹrin mo rí ọmọ ẹ̀fọn tó ń lọ́ra nínú rẹ̀. Ẹ̀fọn kì í ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ kó tó fò láti inú ẹyin, nítorí náà mo mọ̀ pé a kò ní àkókò.

A kó gbogbo òkúta náà jáde, a fọ̀ ọ́ ní ajẹ̀rẹ̀ ńlá tí a lu látara dúrọ́ọ̀mù àtijọ́. A ha ẹ̀gbẹ́ kòtò, nítorí amọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ọ̀dà. Ṣáńbà di iṣẹ́ àkọ́kọ́. Mo ra aṣọ tí àwọn tó ń ṣe títì máa ń tẹ́ sábẹ́ òkúta, èyí tí omi ń gbà kọjá tí ẹrẹ̀ kò lè gbà, a fi wé inú kòtò yíká kí a tó dá òkúta padà, a sì fi etí rẹ̀ bo ojú rẹ̀. Erùpẹ̀ tó kù, a fi kọ ebè. Bàbá bíríkìlà ló mú ìyẹn wá: wọ́n ní bí àwọn ṣe ń kọ ebè dábùú ìdagẹ̀rẹ̀ ní oko àwọn nìyẹn, kí òjò má baà gbé ilẹ̀ lọ. Ebè mẹ́ta ló wá dábùú ọgbà wa báyìí. Ẹní bá fẹ́ ṣe é, kó jẹ́ kí koríko kọ́kọ́ mú ilẹ̀, kí ṣáńbà parí, kó tó ṣí ọ̀nà fún omi láti wọ kòtò.

Ìparí oṣù Òkúdu

Ṣáńbà ni ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Kò tóbi: mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, ó jìn dé itan mi. Ògiri kékeré kan pín in sí méjì. Omi iwájú ilé máa wọ yàrá kìíní, iyanrìn á rì síbẹ̀, omi á wá gba orí ògiri náà bọ́ sí yàrá kejì. Ẹnu páìpù tó ń jáde kò kọjú sí òkè, ó tẹ̀ wọ inú omi lọ. Ọ́ìlì fúyẹ́ ju omi lọ, orí ló máa ń léfòó sí. Omi ìsàlẹ̀ ló ń jáde, ọ́ìlì á dúró sẹ́yìn. A kó kànrìnkàn àti àkísà sójú omi náà kí ó máa fa ọ́ìlì mọ́ra, a sì ń pààrọ̀ wọn. Ìdérí kọnkéré tó ṣeé gbé bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tí kò bá kán sílẹ̀ rárá ló dára jù. Mo tẹ́ páànù pẹlẹbẹ sábẹ́ jẹnẹrétọ̀. Kọndẹ́m ọ́ìlì tí a bá tú jáde, inú kẹ́ẹ̀gì ló ń lọ. Káfíńtà àdúgbò máa ń wá gbé e, ó fi ń kun igi kí ikán má baà jẹ ẹ́.

Omi tó bá kọjá nínú kòtò, ibi tí ilẹ̀ ti jìn bí àwo ló ń lọ, mítà márùn-ún ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀, 20 sẹ̀ǹtímítà ní jíjìn, ìyẹn kò ní ju 4,000 lítà lọ tó bá kún. Ìdò la gbìn sí àárín rẹ̀, nítorí kì í kú bí omi bá mù ún, kì í sì í kú bí ọ̀dá bá dá. Koóko ọba wà létí rẹ̀. Ewúrẹ́ àdúgbò jẹ ìdò náà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó fi wáyà yí i ká.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Agẹmọ

Òjò ńlá àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí. Mo ti gbé agolo mílíìkì ńlá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró gbọn-in sí gbangba, mo fi rúlà wọn ohun tó wà nínú rẹ̀ láàárọ̀: 38 mílímítà. Mo ti sáré jáde ní òru pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, mo dúró lẹ́nu ihò ìdí ògiri. Níbi tí odò pupa máa ń ti jáde tẹ́lẹ̀, omi tó ń jáde kò ju èyí tó ń kán láti ẹnu ìkòkò lọ. Ojú àwo ilẹ̀ náà kún, ìdò dúró nínú omi dé ìdajì ara. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti wọlẹ̀.

Omi kànga kò pọ́n. Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ fà á. Wọ́n gbé báákẹ́ẹ̀tì funfun náà wá síwájú mi, wọ́n fi sí ilẹ̀, wọ́n ní kí n wo ìdí rẹ̀. Mo rí ìdí rẹ̀.

Mo tún gba ìgò mẹ́ta. Ti òrùlé, lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, mọ́ gaara. Ti ìdí ògiri rí bí tíì tí kò ní mílíìkì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò sì nípọn ju èékánná lọ. Ti ṣáńbà, tí mo bù ní yàrá kìíní, dúdú.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògún

A kó ṣáńbà fún ìgbà àkọ́kọ́: páànù márùn-ún. Iyanrìn ló pọ̀ jù, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìdérí ìgò, ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ìdí mọ́tò. Gbogbo ìyẹn ni ìbá ti lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Ẹrẹ̀ tó ní ọ́ìlì, a kò dà á sí ìdí ẹ̀fọ́, a kò sì dà á padà sí gọ́tà. Inú àpò la dì í sí fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Tí a kò bá máa kó o ní oṣooṣù ní àkókò òjò, yóò kún, ẹrẹ̀ á tún wọ kòtò, a ó sì tún padà sí ìdí fífọ òkúta.

Ohun tí a kò tíì borí ni omi títì. Òjò ìjẹta lágbára, omi láti orí òkè gba abẹ́ géètì wọlé, ó gbé ọ̀rá àti iyanrìn wá kún ṣáńbà ní wákàtí kan. Iṣẹ́ tí a ṣe kò tóbi tó láti gba omi ilé mẹ́wàá. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àwọn onílé, mo kó àwọn ìgò mi dání, ti oṣù Ẹrẹ́nà àti ti Agẹmọ, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Ẹnì kan ní ìjọba ló yẹ kó ṣe é. Mo ní ìjọba ló yẹ kó ṣe gọ́tà ńlá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òrùlé kì í ṣe ti ìjọba. Ìyá Ìbejì ló dìde, wọ́n ní àwọn á fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àwọn tuntun fún ojú àwo kan bíi tiwa, tí àwọn tó wà lókè bá lè gbà láti ṣe ṣáńbà síwájú ilé tiwọn. Ilé mẹ́ta ti gbà.

Sátidé ìmọ́tótó tó ń bọ̀, Bàbá bíríkìlà á wá fi okùn wọn ojú ilẹ̀ láti orí òkè dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì. Mo ti ra okùn náà, mo sì ti fọ ìgò mẹ́rin mìíràn sílẹ̀, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan.